Aago Méje

Oòrùn yọjú ní Oulu lónìí
bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ò bọ́ bàtà,
ó kí wa tán, ó yíjú padà.
Yìnyín bo gbogbo ọgbà ilé ìwòsàn.
Ìwọ, Ronja, fara ti ilẹ̀kùn yàrá kọkànlá,
o ní, "Irmeli, ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ mi yé."

Ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò;
tèmi, oògùn oorun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.
Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì,
síbẹ̀ orí mi wú.
Ta ni kì í fẹ́ jẹ́ "ìwọ nìkan"?
Mo jẹ́ kí o lo fóònù kọjá àkókò,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, láàárín èmi àti ìwọ.
Mo yá ọ ní ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn mi,
èyí tí ìyá mi hun kó tó kú.

Ilẹ̀ mọ́, a jókòó ti kọfí, à ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa.
Pentti ní, "Ronja sọ pé èmi nìkan lọ̀rọ̀ òun yé."
Mo gbé ife mi sílẹ̀.
Dókítà kékeré tó ti Rovaniemi dé
ń wo bàtà ara rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n.
Ẹni mẹ́ta, "ìwọ nìkan" mẹ́ta.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Àga Kerttu ṣófo:
o ti ní ó fọwọ́ lù ọ́. Kò lù ọ́.
Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tó ti ń jókòó sílé,
tó ń ka igi tí yìnyín bò lójú fèrèsé.

Mo bínú. Kí n má purọ́.
Mo rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n jà lólè,
mo ní alárékérekè, nínú ikùn mi,
mo ní kí ìbọ̀wọ́ mi padà wá.
Mo wá ṣí fáìlì rẹ, níbi tí íńkì ti ṣá:
ọmọ ọdún mẹ́fà, ilé alágbàtọ́ kẹrin.
Ọmọ tó ké títí tẹ́nìkan ò dáhùn
á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn láìní kọ́kọ́rọ́.
Àwọn kan a fi èékánná ṣí i.
Ìwọ fi ahọ́n.

Mi ò torí ẹ̀ sọ pé o ò ṣẹ Kerttu.

A fẹnu kò. A kọ ọ́ sí pátákó funfun:
fóònù, aago márùn-ún sí mẹ́fà.
Oògùn, bí dókítà ṣe kọ ọ́.
Irmeli yóò jókòó ti Ronja ní aago méje alẹ́,
ogún ìṣẹ́jú,
bó rẹ́rìn-ín, bó ṣépè.

Alẹ́ àkọ́kọ́, o ṣépè.
O ní o máa gé ara rẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ á wà lọ́rùn mi.
Àyà mi já. Mo yẹ ọwọ́ rẹ wò,
mo yẹ abẹ́ ìrọ̀rí wò, mo pe Pentti,
mo tún jókòó.
Wọ́n ní ká fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fọ̀tún fà á mọ́ra;
èmi gbé méjèèjì lé itan
kí o lè máa rí wọn.

Alẹ́ kejì, o kọjú sógiri.
Alẹ́ kẹsàn-án, ìjì dí ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ò rìn.
Mo fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀bá odò wá, ìpéǹpéjú mi dì,
aago méje ku ìṣẹ́jú kan ni mo wọlé.
O ti wà lórí àga.
O ní, "O pẹ́."
Mo ní, "Mi ò pẹ́."
O tún wo aago ara ògiri, ó pẹ́ díẹ̀.
"O ò pẹ́," lo wí,
bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ mi wà lórí tábìlì, ọ̀kan ṣoṣo.
Mi ò tíì béèrè èkejì.